Ẹni Tí Yóò Kọ́ Ọmọ Ní Láti Kọ́kọ́ Kọ́ Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àṣà ní ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ọ̀ffà àti ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Kwara, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ wa nínú. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá àyè láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn tí kò rí i, tí ó wá ti ìmọ̀ òfin tí kò bọ́ sí i, àwọn ẹbí rẹ̀ a ní kí ó máa lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà ná, bí ẹni pé iṣẹ́ tíṣà ni àtíbàbà tí ènìyàn ń yà sí títí òjò yóò fi dá. Àwa kò fara mọ́ èrò yìí. Iṣẹ́ tí a fi ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń bọ́ sí kìkì nítorí pé ọ̀nà mìíràn dí.

Ìlú Ọ̀ffà ni ó yẹ kí ó mọ èyí ju ìlú mìíràn lọ. Ní ọdún 1943, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ girama ṣọ̀wọ́n púpọ̀ ní apá Àríwá, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ Offa Descendants Union dá Offa Grammar School sílẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí a kò kọ́ olùkọ́, ògiri lásán ni a kọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ jẹ́ kí a jọ wo ẹ̀yìn wò. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní ọdún 1954 sí 811,432 ní ọdún 1955. Ọ̀ffà kò sí lábẹ́ ìjọba náà. Àríwá ni ó wà, Olóyè J. S. Ọláwóyìn tí í ṣe ọmọ Ọ̀ffà sì wà nínú àwọn tí ó jà pé kí Ìlọrin àti Kàbà bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Iṣẹ́ ńlá ni ètò náà, ìyìn rẹ̀ kò sì ní parẹ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ pọ̀ ju àwọn olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ lọ. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ni a kó lọ sí iwájú pátákó. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Banjo yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wò tí ó sì jábọ̀ ní ọdún 1961, àìtó olùkọ́ tí ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tí ó tọ́ka sí pé ó fa ìmọ̀ àwọn ọmọ sẹ́yìn.

Bí ẹnìkan bá sọ pé ti àtijọ́ nìyẹn, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa níhìn-ín ní ọdún 2008. Ìjọba Kwara fún àwọn olùkọ́ tí ó ju 19,000 lọ ní ìdánwò tí a gbé ka ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó dé ojú òṣùwọ̀n nínú wọn kò pé ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rín kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn olùkọ́ náà ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Ìwé ẹ̀rí náà ni kò ní ìmọ̀ nínú. Ẹni tí ó ní òun yóò dá ẹ̀wù fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ní Ìlọrin, ní Oro àti ní Lafiagi, tàbí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, ẹ̀yin ni a ń bá wí. Ẹ má ṣe ka ìwé kìkì kí ẹ lè yege. Ẹ mọ ẹ̀kọ́ tí ẹ ó kọ́ni débi pé ẹ ó lè là á yé ọmọ tí kò tètè mọ̀wé. Ẹ kọ́ èdè Yorùbá dáradára pẹ̀lú. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè abínibí kọ́ kì í dẹ́yìn.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni sáà ìkọ́ni tí a ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe ní ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ni ó ń lo sáà yìí bí ìyà tí ó gbọ́dọ̀ tán. Wọn a da ìwé ètò ẹ̀kọ́ ẹlòmíràn kọ, wọn a sì máa ṣọ́ ọjọ́ tí alábòójútó yóò dé. Ìfara-ẹni-jìyà ni. Ní ayé àwọn bàbá wa, ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí ipò kẹta a lọ kọ́ni ní ọdún mélòó kan kí ó tó padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ti ipò kejì. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nínú kíláàsì ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ìkejì yé e. Ẹ wá àgbà olùkọ́ kan, ẹ jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀, ẹ wo bí ó ti ń bi ọmọ léèrè àti bí ó ti ń pa ariwo láìgbé pàṣán. Bí ìsinmi bá dé, ẹ kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ, kí ẹ kọ́ wọn.

Bí ẹ bá sì jáde, ẹ̀kọ́ kò tíì parí. Òfin ọdún 1993 tí ó dá àjọ TRCN sílẹ̀ ní kí olùkọ́ forúkọ sílẹ̀, ìdánwò sì wà tí ó gbọ́dọ̀ yege. Ẹni tí ó ní NCE, kí ó má ṣe jókòó tì í. Kí ó wá oyè kún un. Ẹni tí ó gboyè nínú ìmọ̀ mìíràn, kí ó lọ kọ́ ọ̀nà ìkọ́ni kí ó tó gbé ẹfun.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ: owó oṣù kéré, kí ni a ń múra sí? Òótọ́ ni, bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Ní ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlérí owó oṣù tuntun fún olùkọ́. Ní ọdún 2022, òfin jáde tí ó sọ ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ di 65, tí ó sì sọ ọdún iṣẹ́ di 40. Ṣùgbọ́n fífi ọdún kún iṣẹ́ kò dọ́gba pẹ̀lú fífi owó kún un. Kí àwọn ìpínlẹ̀ mú ìlérí owó náà ṣẹ. Ìyẹn kò sì dá olùkọ́ láre láti lọ sí kíláàsì láìmúra, nítorí ọmọ tí ó jókòó síwájú rẹ̀ kọ́ ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wa kan àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ó jẹ́. Ẹ máa fi ìbò yín bèèrè olùkọ́ gidi. Ẹ má sì ṣe gbé ìwé lọ bá àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n gba ọmọ yín sí iṣẹ́ tíṣà nítorí pé ẹ ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́. Iṣẹ́ tí a fi san ọpẹ́ fún ọmọ ẹgbẹ́, àádọ́ta ọmọ nínú kíláàsì kan ni yóò fi ọjọ́ ayé wọn san án. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó múra sílẹ̀ rí iṣẹ́, kí ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ sì múra sílẹ̀.