Ìlérí Kì í Kọ́ Pápá Ìṣeré

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ọwọ́ àwọn olóṣèlú a máa là. Lẹ́tà ìkésíni síbi ayẹyẹ ìkówójọ a máa tẹ̀ lé ara wọn dé ilé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Maitama: kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílé fẹ́ ṣe pápá ìṣeré tuntun, òmíràn fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa ṣe eré ìdárayá. Wọn a to àga àwọn ọlọ́lá síwájú, onílù a máa ki àwọn ẹni ńlá, olùdíje a dìde, a sì dárúkọ iye owó tí yóò mú kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìdìbò bá kọjá tán, akápò a bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Àwọn àgbà kò parọ́ nígbà tí wọ́n ní ẹnu dùn ún rofọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko.

Ìkówójọ fúnra rẹ̀ kò burú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, kò sì sí ìran tó mọ èyí ju ìran Yorùbá lọ. Ohun tó burú ni kí ìlérí rọ́pò owó, kí ariwo ọjọ́ kan sì rọ́pò ìtọ́jú ọdún mẹ́wàá. Pápá ìṣeré kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ti ẹnu olùdíje jáde. Owó kékeré tó dájú, tó ń wọlé lóṣooṣù, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn kedere, ló ń kọ́ ọ. Olùdìbò tó bá mọ èyí kò ní ta ìbò rẹ̀ nítorí àtẹ́wọ́.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ fi pápá ìṣeré ṣe nígbà tí omi kò tó, tí iná kò sì dúró. Ìbéèrè náà bọ́ sí i, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, eré ìdárayá jẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ìwé-ẹ̀rí NCE jáde nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń pa ọwọ́ lẹ́nu. Olùkọ́ tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ní eré fífò lójú pátákó, tí kò fò rí, ṣọ́ọ̀kì náà ni yóò fi kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bá fà lé e lọ́wọ́. Olùkọ́ kan yóò kọ́ ọmọ ọ̀kẹ́ àìmọye kó tó fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, pápá kan tí kò sí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan jẹ́ pápá tí kò sí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 sì máa ṣe é fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò dúró dìgbà tí omi bá tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ bá ti mọ́ ìjókòó láti kékeré yóò san gbèsè náà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ ogbó.

Àwọn ará Maitama gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé. Millennium Park, tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, wà ní àdúgbò wọn. Pápá gọ́ọ̀fù IBB náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rìn láàárọ̀ rí ibi tó ní igi àti ìbòòji láti rìn. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nílé lè má rí ju ilẹ̀ gbígbẹ tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ lórí rẹ̀ lọ. Ẹni tó jẹ̀gbádùn níbì kan kò gbọdọ̀ gbàgbé ibi tó ti wá.

Ohun mìíràn tún wà nítòsí wọn. Olú ilé-iṣẹ́ TETFund wà ní Zambezi Crescent, ti àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì sì wà ní òpópónà Aguiyi Ironsi, ní Maitama kan náà. Owó-orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san lórí èrè wọn ni TETFund ń pín. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni nígbà tí òfin ọdún 2011 fi TETFund lọ́lẹ̀, ó sì gòkè dé ìdá mẹ́ta ní ọdún 2023. Òfin náà ní kí wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: méjì fún àwọn yunifásítì, ọ̀kan fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ọ̀kan fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ó dárúkọ ilé àti ohun èlò fún ìkọ́ni, ìwádìí, ìwé títẹ̀ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́. Kò dárúkọ pápá ìṣeré, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ohun mìíràn tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ bá rí i pé ó ṣe kókó. Àyè yẹn ni ó yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba gbà wọlé, pẹ̀lú àwòrán ilé, ìṣirò owó àti ẹ̀rí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ti dáwó tiwọn. Olùdíje tó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀, tó sì lè bá kọ́lẹ́ẹ̀jì tò ó bí ó ti yẹ, wúlò ju ẹni tó kó ìdì owó wá sí gbọ̀ngàn lọ.

Kí ìjọba tó ní irú àpò yìí, àwọn baba ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ní ọdún 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá Ilé-ẹ̀kọ́ Girama Iléṣà sílẹ̀. Àwọn tó ṣiṣẹ́ náà kò ní kànga epo, wọn kò sì ní sẹ́nétọ̀. Ohun tí wọ́n ní ni ìpinnu pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò gbọdọ̀ máa rìnrìn àjò jìnnà kó tó kàwé. Ìjọba náà sì ṣe tirẹ̀ nígbà tó yá. Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ pápá Liberty sí Ìbàdàn ní ọdún 1960, ìlú Ìbàdàn kan náà ni eré ìdíje àwọn yunifásítì Nàìjíríà, NUGA, sì ti kọ́kọ́ wáyé ní ọdún 1966. Ní ọdún 2022, Yunifásítì Èkó ló gbà á lálejò. Àwọn baba kò fi ìwé sílẹ̀ nítorí eré, wọn kò sì fi eré sílẹ̀ nítorí ìwé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé owó ńlá tán ọ̀rọ̀, kó wo pápá ìṣeré àpapọ̀ tó wà ní Àbújá níbí. Wọ́n kọ́ ọ nítorí eré ìdíje gbogbo Áfíríkà ọdún 2003, ó gba ọ̀kẹ́ mẹ́ta ènìyàn, ìyẹn 60,000. Ní ọdún 2019 ni wọ́n fi orúkọ Olóyè Moshood Abíọ́lá sọ ọ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n ń pè ní òpó eré ìdárayá ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n kí orúkọ náà tó dé ni koríko pápá ti bàjẹ́, débi pé ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè yìí kò gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí Sunday Dare, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ mínísítà eré ìdárayá, ó bẹ àwọn olówó pé kí wọ́n gba pápá kọ̀ọ̀kan tọ́jú. Aliko Dangote sì yọ̀ǹda mílíọ̀nù kan dọ́là fún ti Àbújá. Pápá náà tún ṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2022, Nàìjíríà àti Gánà gbá ọ̀mì níbẹ̀, Gánà gba àyè ife àgbáyé, inú bí àwọn òǹwòran, wọ́n sì ya wọ inú pápá, wọ́n ba ohun púpọ̀ jẹ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ilé tí kò ní owó ìtọ́jú yóò tún padà wá ṣagbe. Èkejì ni pé ohun tí ènìyàn kò dáwó sí, kì í dùn ún bó bá bàjẹ́. Bí olówó kan bá ra pápá fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, tirẹ̀ ni. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá dá a, ẹgbẹ̀rún ojú ni yóò máa ṣọ́ ọ.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gbó nínú iṣẹ́ ìkówójọ, wọn kì í fi ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó lágbára ní kọ̀rọ̀, wọ́n á gba apá tó pọ̀ nínú owó náà, kí wọ́n tó kéde fún gbogbo ayé. Bí wọ́n bá kéde, iye tó ti wà nílé ni wọ́n á kọ́kọ́ ka. Wọ́n sì tún máa ń ya owó kan sọ́tọ̀ tí èrè rẹ̀ yóò máa tọ́jú ilé náà. Èyí kò ṣàjèjì sí ìyá ọlọ́jà tó ń gba èésú. Ẹni tí kò tíì dá kì í kó.

Kí a ṣe ìṣirò kan. Bí ọ̀ọ́dúnrún ìdílé bá ń dá 5,000 náírà lóṣooṣù, 1,500,000 náírà ni lóṣù kan. Ní ọdún kan, ó di 18,000,000. Ní ọdún méjì, 36,000,000 náírà, láìsí onílù, láìsí aṣọ ẹbí, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fi orúkọ olóṣèlú búra. Bí wọ́n bá ya náírà kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú nínú náírà márùn-ún, mílíọ̀nù méje àti díẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gé koríko àkọ́kọ́. Owó yìí lè má kọ́ gbọ̀ngàn ńlá, ṣùgbọ́n yóò tẹ́ pápá, yóò gbẹ́ kànga, yóò sì fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹnu láti fi lọ bá TETFund. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Nísinsìnyí, kí ni ti ìbò nínú èyí? Ó ṣe pàtàkì kí olùdìbò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọrọ ìbò rẹ̀. Olú ìlú yìí kò ní gómìnà, Ààrẹ ló ń yan mínísítà rẹ̀. Àwọn tí ará Maitama ń dìbò yàn ni alága àti káńsẹ́lọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ AMAC, aṣojú-ṣòfin àti sẹ́nétọ̀, yàtọ̀ sí Ààrẹ. Ìwé òfin ọdún 1999 fi ọgbà ìgbafẹ́ àti ilẹ̀ gbalasa sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kò fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sí i. Olùdíje fún ipò alága tó bá ṣèlérí pápá fún kọ́lẹ́ẹ̀jì nílé ń ta ẹran tí kò sí ní ìsọ̀ rẹ̀. Bó bá ṣèlérí pé òun yóò dáàbò bo ilẹ̀ ìṣeré àwọn ọmọ ní AMAC lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ilẹ̀, ó sọ ohun tó lè ṣe, a sì lè mú un nídìí rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ àti aṣojú-ṣòfin ń jíròrò ìnáwó orílẹ̀-èdè, wọ́n sì lè béèrè bí TETFund ṣe ń náwó.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí olùdìbò gbé ka iwájú olùdíje kọ̀ọ̀kan tó bá fi ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wá ojú rere. Àkọ́kọ́: èló ni ó ti san, kì í ṣe èló ni ó fẹ́ san, níbo sì ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà? Ẹ̀kejì: ta ni yóò máa tọ́jú ibẹ̀ lọ́dún karùn-ún, owó wo ni wọn yóò sì fi ṣe é? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò máa ka ìṣirò owó náà fún àwọn tó dá a, àti ní oṣù mélòó mélòó? Ìbéèrè kan náà tọ́ sí àwọn tó ń du ipò akápò àti alága nínú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, nítorí ọwọ́ wọn ni owó ń gbà kọjá. Owó ìdáwó gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì lórúkọ iṣẹ́ náà, kí ènìyàn méjì ó kéré tán máa fọwọ́ sí i kó tó jáde.

Òfin Ìdìbò ka fífún olùdìbò lówó nítorí ìbò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkàn mímọ́ ran kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ lè san tirẹ̀ lónìí sí báǹkì, kó gba ìwé ẹ̀rí, kó sì jókòó jẹ́ẹ́. Kò nílò ìbò láti ṣe rere. Bó bá sì wọlé, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò yọ̀. Bí kò bá wọlé, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò ṣì rí ibi sáré.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Pápá tí a fi ìlérí tẹ́, koríko ni yóò bò ó kí ọdún tó yí po. Kí àwọn ọmọ Yorùbá ní Maitama dáwó tiwọn, kí wọ́n béèrè ìṣirò, kí wọ́n sì di ìbò wọn fún ẹni tó bá dáhùn.