Ògùnpa àti Ìdọ̀tí Ilé Wa

Ẹ̀yin Olóyè wa, àti ẹ̀yin alákọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di ìtùnú lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa nígbà tí a bá rí pàǹtí tí ó kún gọ́tà: pé ilẹ̀ kì í kú, pé ohunkóhun tí ènìyàn ìbáà ṣe sí i, yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Àwa kò sọ pé irọ́ ni. Ẹni tí ó bá ti dá oko rí mọ̀ ọ́n dájú. Oko tí iṣu kò ta mọ́ nínú rẹ̀, bí a bá fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, ẹ̀kan ni yóò kọ́kọ́ bò ó. Lẹ́yìn náà ni àwọn igi wẹ́wẹ́ tí ẹyẹ gbé èso wọn wá yóò yọrí, òjìji wọn yóò pa ẹ̀kan, ewé wọn yóò wọ́ sílẹ̀, yóò jẹrà, ilẹ̀ náà yóò sì tún di ilẹ̀ ọlọ́ràá.

Ààtàn ẹ̀yìnkùlé àwọn baba wa pẹ̀lú jẹ́rìí sí i. Èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ, eérú ìdáná àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni a ń dà síbẹ̀. Kí ọdún tó yí po, tẹ̀tẹ̀ àti tòmátì ti ń hù níbẹ̀ láìsí ẹni tí ó gbìn wọ́n. Ẹ wo ààtàn òde òní: ọ̀rá omi, ọ̀rá mọ́ínmọ́ín, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lóòótọ́ ni ilẹ̀ ń fẹ́ ọ̀rá, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ọ̀rá yìí.

Níbi ọ̀rọ̀ odò gan-an ni àṣìṣe ìtùnú wa ti hàn gbangba. Odò náà a máa tún ara rẹ̀ ṣe. Bí a bá dí i lọ́nà, kì í dúró. A máa yà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀ sí Ìbàdàn. Ògùnpa bá ojú ọ̀nà rẹ̀ tí ó kún fún pàǹtí, ó sì bá ilé àwọn ènìyàn ní bèbè tí òun máa ń tẹ́ ara sí nígbà òjò. Ó gba inú yàrá wọn kọjá. Ẹ̀mí tí ó bá a lọ ju 100 lọ. Lẹ́yìn náà, ìjọba gbẹ́ ojú odò náà, wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún kún ní Ìbàdàn, àwọn afárá já, àwọn tí ó kú sì tún ju 100 lọ. Àwọn ará ìlú ti sọ irú rẹ̀ lórúkọ: Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí omi fà, odò ń ṣàn lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Odò sàn. Àwa ni a kò sàn.

Ohun tí ó sì ń bí wa nínú ni pé, bí òjò bá ti ṣú, ìgbà náà ni a ń ru apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí jáde láti dà á sí gọ́tà, kí àgbàrá lè bá wa gbé e lọ. Kì í ṣe ìwà tálákà nìkan. A ti rí i ní ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí baálé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ń wò ó.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni. Ẹ̀tọ́ wa ni pé kí kánsù kó ìdọ̀tí, a kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ lórí rẹ̀. A yin ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó fi òfin de abọ́ fóòmù ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń náwó ìnáwó wa? Bí àlejò 500 bá mu omi ọ̀rá mẹ́ta mẹ́ta níbi òkú àgbà kan, 1,500 ọ̀rá ni yóò wà nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ewé eéran ṣì ń bẹ lọ́jà. Bí ó bá tilẹ̀ wọ́n ju ọ̀rá lọ, ẹni tí ó ra aṣọ òkè fún gbogbo ẹbí kò lè sọ pé òun kò rí owó ewé.

Nítorí náà, a ń rọ àwọn Olóyè tí wọn yóò ṣe òkú ní ẹ̀rùn tí ń bọ̀ pé kí wọ́n bá alásè sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ewé ni kí wọ́n fi di mọ́ínmọ́ín, àmù omi àti ife tí a lè fọ̀ ni kí wọ́n gbé kalẹ̀, kí wọ́n sì gbẹ́ ihò kan sí ẹ̀yìnkùlé fún èèpo àti ewé. Baálé tí gọ́tà gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, kí ó kó o mọ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.