Ẹni Tí Òǹtẹ̀ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀ Ni Ọ̀gá

Ọ̀rọ̀ méjì ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa nígbàkígbà tí a bá dárúkọ òwò Ṣáínà. Àwọn kan ń pariwo pé olè ni gbogbo ará Ṣáínà, kí oníṣòwò má ṣe súnmọ́ wọn. Àwọn mìíràn ní bí ènìyàn bá ti bá wọn jẹ, tí ó bá wọn mu, tí wọ́n sì di ọ̀rẹ́, kí ni a tún ń fi ìwé àdéhùn ṣe? Àwa sọ ọ́ gbangba pé irọ́ ni méjèèjì. Ibì kan náà ni wọ́n sì ń mú ènìyàn lọ: wọn kò jẹ́ kí ó ka òfin ilẹ̀ tí ó fẹ́ ṣòwò sí.

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn òyìnbó pàápàá, tí owó àti agbẹjọ́rò wọn pọ̀ ju tiwa lọ, ti kàgbákò níbẹ̀.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ Danone ti ilẹ̀ Faransé. Ní 1996 ó bá Wahaha ti ìlú Hangzhou da òwò pọ̀. Nígbà tí ó yá, ìpín 51 nínú 100 wà lọ́wọ́ Danone, ó sì rò pé òun ni ọ̀gá. Ṣùgbọ́n orúkọ Wahaha, èyí tí àwọn oníbàárà ń tìtorí rẹ̀ ra ọjà, kò kúrò lọ́wọ́ ará Ṣáínà, nítorí pé ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójútó orúkọ ọjà kò fọwọ́ sí i. Ìwé àyálò orúkọ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 2007 Danone ké gbàjarè pé Ọ̀gbẹ́ni Zong Qinghou, tí ń darí iṣẹ́ náà, ti dá àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ lẹ́yìn òun, tí wọ́n ń ta irú ọjà kan náà pẹ̀lú orúkọ kan náà. Wọ́n gbé ara wọn dé Stockholm àti Amẹ́ríkà. Ní 2009 Danone gbà láti ta ìpín rẹ̀, ó sì jáde. Ẹni tí ó ní 51 ni ó di ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó ni orúkọ ni ó jókòó.

Ẹ tún wo Arm, ilé iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe ètò ọpọlọ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù. Ní oṣù kẹfà 2020, ìgbìmọ̀ olùdarí ẹ̀ka rẹ̀ ní Ṣáínà dìbò pé kí Allen Wu, ọ̀gá ibẹ̀, fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni méje gbà, ẹnì kan ni kò gbà. Ọkùnrin náà ní òun kò lọ. Kí ni ó gbójú lé? Òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó sì wà nínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí aṣojú lábẹ́ òfin. Ní Ṣáínà, òǹtẹ̀ ni ó ń so ilé iṣẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ó di 2022 kí wọ́n tó rí orúkọ náà yí padà.

Apple ńkọ́? Ní 2009 ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn ra orúkọ iPad lọ́wọ́ Proview ti Taiwan ní 35,000 pọ́n-ùn. Kò mọ̀ pé Proview ti Shenzhen ni orúkọ náà wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà. Ní 2012 ó san 60 mílíọ̀nù dọ́là kí ìjà tó parí.

Ṣé olè ni a fẹ́ pe gbogbo èyí? Ní Ṣáínà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi orúkọ ọjà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni òfin sábà máa ń mọ̀ ní olóhun. Kò fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń lọ síbẹ̀ ṣe báyìí:

Kí ó fi orúkọ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Ṣáínà kí ó tó fi ọjà náà han ẹnikẹ́ni, ní lẹ́tà tiwa àti ní lẹ́tà tiwọn.

Kí ó mọ ibi tí òǹtẹ̀ wà, kí ó sì rí i pé ẹni tí òun fọkàn tán ni aṣojú lábẹ́ òfin.

Kí ògbufọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sanwó fún ka ìwé àdéhùn tí a kọ ní èdè Ṣáínà. Kí wọ́n sì kọ ibi tí a ó ti parí aáwọ̀ sínú rẹ̀. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ òkèèrè ṣòro láti mú ṣẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣáínà ti wọ inú àdéhùn New York ti 1958 láti 1987, èyí tí ó ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ àwọn onílàjà.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa ní Guangzhou àti Yiwu, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ olówó ńlá nìkan ni èyí. Níbẹ̀, ẹ̀yin ni àlejò. Ẹ má san gbogbo owó kí ẹ tó fi ojú yín rí ọjà. Bí orúkọ tí ó wà lórí àkáǹtì báńkì bá yàtọ̀ sí orúkọ inú ìwé àdéhùn, ẹ di owó yín mú.

Kí ìjọba wa náà gbọ́ tirẹ̀. Ní ọgbà òwò Igbesa, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n fagi lé àdéhùn ilé iṣẹ́ Zhongshan Fucheng ní 2016. Ará Ṣáínà kò pariwo olè. Ìwé ni ó gbé jáde, àdéhùn tí Nàìjíríà àti Ṣáínà jọ fọwọ́ sí ní 2001. Ní 2021 àwọn onílàjà ní London dá Nàìjíríà lẹ́bi, owó náà sì ju 55 mílíọ̀nù dọ́là lọ, láìka èlé. Ní oṣù kẹjọ 2024 ilé ẹjọ́ Paris pàṣẹ kí wọ́n dá ọkọ̀ òfuurufú ìjọba wa mẹ́ta dúró.

Ẹni tí kò ka ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ ni yóò kà á fún un. Orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ dá dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń fọwọ́ sí. Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè nìyí: kí àwọn agbẹjọ́rò wa kọ́ èdè Ṣáínà àti òfin rẹ̀, kí ìjọba sì tẹ gbogbo àdéhùn tí ó bá fọwọ́ sí jáde fún aráàlú kà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.