Ọ̀nà Tí Kò Ní Ọ̀dà Náà, Ọ̀nà Ni

Bí ẹ bá ń pẹ́ lórí Instagram, ẹ ti rí wọn rí: àwọn òyìnbó tó wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́, òkè níwájú, oko ólífì lọ́tùn-ún, oko àjàrà lósì. Gravel ni wọ́n ń pe eré náà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jọ ti àwọn tó ń sáré lórí títì, àmọ́ táyà rẹ̀ fẹ̀ ju ìyẹn lọ, kó má baà yọ̀ nínú yanrìn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn wa máa ń sọ sábẹ́ irú fídíò bẹ́ẹ̀ kì í ju méjì lọ. Àwọn kan á ní, "Owó ló ń yọ wọ́n lẹ́nu." Àwọn kan á ní, "Ṣé ìjọba wọn ò lè da ọ̀dà sí i ni?"

Ìbéèrè kejì yẹn ló mú mi kọ èyí. Ìjọba wọn lè da ọ̀dà sí i. Wọn ò dà á ni, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Lójú tèmi, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló yẹ ká jowú nínú fídíò yẹn, kì í sì í ṣe òkè. Òfin tó wà lábẹ́ táyà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Spéìn. Láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn darandaran ibẹ̀ ti ń kó àgùntàn gun orí òkè nígbà ooru, tí wọ́n á sì tún kó wọn sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì nígbà tí òtútù bá dé. Ní 1273, Ọba Alfonso Kẹwàá fọwọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn darandaran tí wọ́n ń pè ní Mesta. Ọ̀nà ẹran yìí kì í ṣe ọ̀nà tóóró inú igbó o. Èyí tó tóbi jù nínú wọn lè fẹ̀ tó mítà 75. Bí ẹ bá so gbogbo wọn pọ̀, wọ́n tó nǹkan bíi kìlómítà 125,000.

Nígbà tí rélùwéè àti ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹran, ẹsẹ̀ dín lórí àwọn ọ̀nà náà. Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ẹnì kan á sún ọgbà rẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹlòmíì á kọ́lé, ẹnì kẹta á mú ìwé jáde pé bàbá òun ló ni ín. Spéìn ṣe òfin sí i ní 1995. Ohun mẹ́ta ló sọ nípa ilẹ̀ ọ̀nà ẹran: kò ṣeé tà, bó ti wù kí èèyàn pẹ́ lórí rẹ̀ tó, kò lè di tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè tìtorí gbèsè gbẹ́sẹ̀ lé e. Òfin yẹn kan náà ló wá ní kí ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti ohun ìrìnnà tí kò ní ẹ́ńjìnnì máa gbà á, bí wọ́n bá ti gbà pé ẹran ló kọ́kọ́ ni ọ̀nà.

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì òfin ilẹ̀ rí á mọ bí ọ̀rọ̀ kejì yẹn ti wúwo tó. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, ẹni tó bá jókòó lé ilẹ̀ onílẹ̀ pẹ́ títí, tí onílẹ̀ sì dákẹ́, lè dé kóòtù kí wọ́n dá a láre. Òfin yìí ní ti ìlú yàtọ̀. Bí ìlú tilẹ̀ dákẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ìlú ò tíì gbé ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè máa da àgùntàn gba àárín ìgboro Madrid kọjá lọ́dọọdún láti 1994, tí mọ́tò á sì dúró fún wọn. Ayẹyẹ ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń fi ayẹyẹ náà rán ara wọn létí.

Ti ojú irin tún wá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Andalusia, lápá gúúsù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin kan láti Jerez lọ sí Almargen nínú àwọn ọdún 1920. Wọ́n gbẹ́ ihò gba inú òkè kọjá, wọ́n gbé afárá dúró, wọ́n kọ́ tésàn. Owó gbẹ, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1936, iṣẹ́ dúró. Ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo ò gba ibẹ̀ kọjá rí. Iṣẹ́ àpatì pọ́nńbélé! Èyí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé fún yín.

Lónìí, kìlómítà 36 nínú rẹ̀, láàárín Olvera àti Puerto Serrano, ti di Vía Verde de la Sierra, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ihò inú òkè 30 ló wà lójú ọ̀nà náà, òmíì sì gùn débi pé bí ẹ ò bá ní iná, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín. Ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta Zaframagón kọjá, níbi tí igún ti ń yí po lójú sánmọ̀. Àwọn tésàn tí èrò kankan ò sọ̀ sí rí ti di ilé oúnjẹ àti ilé ìtura. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní àríwá: ojú irin kékeré tó so Olot mọ́ Girona, tí wọ́n tì pa ní 1969, ti di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó ń ti ilẹ̀ àwọn òkè ayọnáyèéfín tó ti kú sọ̀ kalẹ̀, òmíì sì gbà á láti Girona dé Òkun Mẹditaréníà ní Sant Feliu de Guíxols. Ní 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò yìí káàkiri Spéìn. Ó ti lé ní kìlómítà 3,000 báyìí.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ní Tuscany, ní Ítálì, ìgbádùn ni wọ́n fi gba ọ̀nà tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà ń gbé àwọn ọ̀nà funfun agbègbè Chianti mì, Giancarlo Brocci pe àwọn èèyàn jọ sí Gaiole ní 1997 láti wá gun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lórí wọn. Èèyàn 92 ló gùn ún. L'Eroica ni wọ́n ń pè é. Láti inú rẹ̀ ni eré ìje Strade Bianche ti yọ ní 2007, èyí tí àwọn ògbóǹtarìgì ń sá wọ Siena lọ́dọọdún. Ta ló máa wá gbójú gbóyà da ọ̀dà sórí ọ̀nà tí gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifíṣàn?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti yó lèyí jàre." Ó ní apá ibi tó jẹ́ òótọ́. Ọ̀nà tí aláboyún ń gbà lọ sí ilé ìwòsàn, tí àgbẹ̀ ń gbà kó irè oko lọ sọ́jà, ọ̀dà ló tọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹwà tan ará abúlé jẹ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ẹ bá da ọ̀dà sí ọ̀nà ẹran, mọ́tò á gbà á, eré á wọ̀ ọ́, ẹran á kúrò, ẹlẹ́sẹ̀ á tẹ̀ lé e. Àwọn abúlé orí òkè yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ti ṣí kúrò nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí ebi ń pa, tó dúró ra búrẹ́dì, tó sì sùn mọ́jú, kì í ṣe èrò yẹpẹrẹ níbẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àwa àlejò fúnra wa. Ẹni tó bá rí géètì ní títì, tó ṣí i kọjá tí kò tì í padà, ẹran oníẹran ló tú sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fi eré gba àárín agbo àgùntàn nítorí àtifi fídíò hàn ti gbàgbé pé àyè ni wọ́n fún òun. Kí àwọn tó ń ya ilé àti kẹ̀kẹ́ fún àlejò náà rántí pé láìsí darandaran, kò sí ọ̀nà tí wọ́n ń polówó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa ní London àti Manchester tí ẹ ń wá ibi tí ẹ ó ti lo ìsinmi, ẹ lọ gùn ún. Ẹ lọ láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún tàbí ní oṣù kẹwàá, torí oòrùn Andalusia nígbà ooru máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ mú iná dání. Tí ẹ bá pàdé àgùntàn, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní lọ, ìbéèrè ni kẹ́ ẹ mú nínú rẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ní ọ̀nà kan, pápá kan tàbí ilé ìlú kan ti di pátì, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló ni ín nínú ìwé. Ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo wa kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀.