Gíga, Ìlọsílẹ̀ àti Ọrùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Èdè-Ìperí Fọ́ọ̀kì Kẹ̀kẹ́

Inú ìwé nìkan kọ́ ni ìṣòro èdè-ìperí wà. Ó wà lábẹ́ igi tí àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń jókòó sí pẹ̀lú. Bí ẹnì kan ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, tí í ṣe ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara, bá ra ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ agun-òkè tòkunbọ̀, tí ó sì fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀tun, bóyá ni ohun mìíràn yóò dà á láàmú tó fọ́ọ̀kì iwájú. Bí olùkọ́ bá sì fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan fọ́ọ̀kì náà, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò tó òun lò, tàbí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òun ń fi ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Èyí kejì yìí ni ó léwu jù.

Irú kẹ̀kẹ́ yìí kò tí ì pẹ́ láyé. Ní Marin County, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń gun ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè ní àwọn ọdún 1970 sí 1979. Ní 1977, Joe Breeze ṣe kẹ̀kẹ́ tí ó dìídì wà fún iṣẹ́ náà. Fọ́ọ̀kì gbogbo wọn kò yàtọ̀ sí ti Raleigh tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá gùn lọ sí oko àti ọjà: ẹsẹ̀ irin méjì ni, kò sí ohun tí ń lọ sílẹ̀ tí ń gòkè nínú rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1990 fi ń wọlé ni ilé-iṣẹ́ RockShox gbé RS-1 jáde, tí fọ́ọ̀kì tí ń gba gbígbọ̀n mọ́ra sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀.

Kí ni kí a pe èyí? Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tí kò wo kẹ̀kẹ́, yóò pè é ní àmúga ìfikọ́. Àmúga ni a fi ń jẹun; kò sì sí ohun tí a fi kọ́ sórí fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́. Ẹlòmíràn yóò ní kí ó jẹ́ fọ́ọ̀kì onísípíríìngì. Èyí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé: afẹ́fẹ́ àti òróró ni ó wà nínú RS-1, rọ́bà ni ó sì wà nínú àwọn mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ti wà lẹ́nu àwọn tí ń tún ọkọ̀ àti alùpùpù ṣe: ṣọ́ọ̀kù. Ohun tí ó ń ṣe ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, kò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, fọ́ọ̀kì oníṣọ́ọ̀kù ni kí ó jẹ́, kí èyí tí kò ní in sì jẹ́ fọ́ọ̀kì líle. Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀lẹ ní í yá ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ ọwọ́ ti fi ṣiṣẹ́ títí ti di ọmọ ilé. Èyí tí a ṣẹ̀dá láìbi oníṣẹ́ léèrè ni àlejò.

Ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan kọ́. Gígùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ìwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó yẹ kí ìwọ̀n láti ibi tí ìdí táyà ń gbé yípo dé abẹ́ ọrùn férémù jẹ́ gíga. Kí ìwọ̀n bí ṣọ́ọ̀kù ṣe ń rìn wọlé jẹ́ ìlọsílẹ̀. Kí ọ̀pá tí ó wọ inú férémù sì jẹ́ ọrùn fọ́ọ̀kì. Bí àpẹẹrẹ, ìlọsílẹ̀ RS-1 jẹ́ nǹkan bí 50 mìlímítà. Gíga fọ́ọ̀kì líle àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 400 mìlímítà, nígbà tí fọ́ọ̀kì òde òní tí ìlọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 100 máa ń ga tó nǹkan bí 470. Bí ẹni tí ó gùn ún bá tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní 20, 50 ṣì kù. Bí iwájú bá sì fi 20 mìlímítà ga sí i, ọrùn férémù yóò fi nǹkan bí dígírì kan sùn sẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ náà yóò máa lọ́ra láti yà, férémù yóò sì máa ru ẹrù tí wọn kò ṣe é fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí gígùn nìkan ni wọ́n kọ́ kò ní mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé.

Ọrùn náà ní òfin tirẹ̀. Íǹṣì kan, tàbí íǹṣì kan àti ìdá kan nínú mẹ́jọ, ni ọ̀pọ̀ ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ti òde òní a máa fẹ̀ tó íǹṣì kan àti ààbọ̀ nísàlẹ̀, kò sì lè wọlé. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì tuntun kò sì ní ibi tí wọ́n ń de bíréèkì tí ń fún ríìmù mọ́. Nígbà mìíràn, fọ́ọ̀kì líle tí gíga rẹ̀ bá férémù mu ni yíyàn tí ó dára jù.

Ní Ifẹ̀, láti 1970, iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá darí fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 tún pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé wọn. Kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lọ jókòó ti oníṣẹ́, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Orúkọ tí kò bá lè jẹ́ kí ènìyàn mọ èyí tí yóò rà kò tí ì di èdè-ìperí.