Ìjókòó Ọkọ̀ Ya, Owó Oṣù Awakọ̀ Ni Wọ́n Fẹ́ Fi Lẹ̀ Ẹ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Creek Road ti ń yọ nínú owó oṣù àwọn awakọ̀ nítorí pé lẹ́dà ìjókòó tírélà ya. Wọ́n ní awakọ̀ ló bà á jẹ́.

Ṣé awakọ̀ ló rán oòrùn níṣẹ́? Ohun tí wọ́n ń pè ní lẹ́dà yìí kì í ṣe awọ ẹran. Rọ́bà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ aṣọ ni. Oòrùn a fa epo tó mú un rọ̀ gbẹ, yóò le, yóò sì sán. Kí ètò ìpè ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, orí ìjókòó yìí kan náà ni awakọ̀ ti ń jẹ, tó ti ń sùn, lórí ìlà èbúté Apapa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Gbígbó ló gbó!

Àtúnṣe wọn ńkọ́? Wọn a kàn fi abẹ́rẹ́ rán ojú rẹ̀ pọ̀. Ihò abẹ́rẹ́ tó sún mọ́ra jù a sì tún ya án. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ní Ajégúnlẹ̀ yóò pààrọ̀ fóòmù, yóò ki aṣọ líle sábẹ́ ibi tó ya, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kó tó rán an. Ọ̀gá kò fẹ́ sanwó ìyẹn.

Òfin Iṣẹ́ ti 1974, abala 5, ní a kò gbọdọ̀ yọ irú owó bẹ́ẹ̀ àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí kò náání rẹ̀, tí ọ́fíìsà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ̀wé fọwọ́ sí i ṣáájú. Ìwé náà dà? Kí awakọ̀ kankan má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù wọn. Ẹ mú ìwé owó oṣù yín wá bá akọ̀wé ẹ̀ka.