Ẹ Mú Àgbà Dání Lọ Sí Ọgbà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìsinmi ọdún Àjíǹde ti dé, ó sì ti kọjá lọ. Púpọ̀ nínú wa ni ó lọ kí àwọn òbí wa, tí a sì kó àwọn àbúrò wa jáde láti lọ ṣe fàájì. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn wa yìí kò ju ẹyọ kan lọ: bí a bá ń mú ọmọdé lọ sí ọgbà àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a mú àgbà dání. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, igi lásán ni ọmọ náà yóò rí. Èmi pàápàá kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ìtìjú ni ó kọ́ mi.

Ọgbà Àgodi ní Ìbàdàn ni mo mú àwọn ará ilé wa lọ. Ọdún 1967 ni a dá ọgbà náà sílẹ̀ fún igi àti ẹranko. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 150 éékà. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé a ó san owó kí a tó wọlé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ta ni í sanwó kí ó tó wo igi? Èmi tí mo ti inú oko dé!” Díẹ̀ ni ó kù kí n fi wọ́n sílẹ̀ nílé, nítorí mo rò pé ìwé tí mo kà tó láti fi ṣàlàyé ohun gbogbo. Ìyá ni ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó bá wa lọ.

A kò tí ì rìn jìnnà tí àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, fi na ìka sí igi kan tí ó tú òdòdó aláwọ̀ èsè àlùkò, tí ó rí bí fèrè kékeré. Ó ní, “Bùọ̀dá, igi wo nìyí?” Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Mo ní, “Irú igi kan báyìí ni.” Bàbá dúró, wọ́n fi ọwọ́ kan igi náà, wọ́n ní, “Tíṣà, akòko nìyí. Igi tí ó wà lẹ́yìnkùlé wa ni o ń wò bí àlejò yìí.”

Ojú tì mí púpọ̀, nítorí akòko kan náà ni mo ti kọ orúkọ Látìnì rẹ̀, Newbouldia laevis, sínú ìwé ẹ̀kọ́ mi, tí mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Mo mọ orúkọ, n kò mọ igi. Bàbá kò mọ Látìnì, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún ọmọ náà pé ewé rẹ̀ ni a fi ń jẹ oyè nílẹ̀ wa; pé bí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tútù tí a sì rì í mọ́lẹ̀, yóò hù, ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fi í ṣe ààlà oko. Òótọ́ ni pé ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ni ó wà.

Nígbà tí a dé etí adágún omi, Bàbá dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ọmọ ọdún 12 ni wọ́n nígbà náà, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn nítòsí odò Ògùnpa. Àwọn ènìyàn ti kọ́lé dí ọ̀nà omi, wọ́n sì ti da ìdọ̀tí sínú odò títí ọ̀nà rẹ̀ fi há. Òjò ńlá rọ̀. Omi kò rí ọ̀nà gbà, ó sì gba inú ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Omi kan náà ni ó ba ọgbà yìí jẹ́, tí ó sì gbá púpọ̀ nínú àwọn ẹranko rẹ̀ lọ. Ọdún 2014 ni a tó tún un ṣí lẹ́yìn àtúnṣe. Bàbá ní ìkòkò ọbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá àwọn gbé sórí bí wọ́n ti ń sá, kò sì mọ ìdí tí ó fi jẹ́ ìkòkò ni ó mú. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn kò gbọ́ ìtàn yìí rí títí di ọjọ́ náà.

Àwọn kan yóò wí pé ọjọ́ fàájì kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀kọ́. Mo gbà. Àwọn àbúrò mi jẹun, wọ́n ṣeré, wọ́n sáré títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Bàbá kò gba eré lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn yóò wí pé ó máa ń tètè rẹ àgbà. Òtítọ́ ni, ẹ wá ìjókòó fún wọn lábẹ́ igi, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti ń jáde.

Láìpẹ́ a ó gba ìwé ẹ̀rí, a ó sì di olùkọ́. Bí a bá ń kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jáde, ẹ jẹ́ kí a bẹ baba tàbí ìyá kan nínú àwọn òbí wọn kí ó ṣíwájú, kí àwa mú ìwé àti kálàmù tẹ̀lé e. N kò kẹ́gàn ìwé. Ṣùgbọ́n a lè ra ìwé ní ọ̀la. Ẹni tí ó mọ igi nínú ilé wa kò ní wà títí láé.

Bí a ti ń padà lọ sílé, ọkọ̀ wa gba orí afárá Ògùnpa. Ẹnì kan níwájú wa mu omi tán, ó sì ju ọ̀rá rẹ̀ gba ojú fèrèsé. Àbúrò mi wo Bàbá, ó ká ọ̀rá omi tirẹ̀, ó sì fi í sínú àpò. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Ìsinmi mìíràn ń bọ̀. Ẹ má ṣe fi Bàbá sílẹ̀ nílé.